Ohun Tí Dídán Ń Gbà Lára Ọkọ̀ Fáíbà

Ìlérí kan ni wọ́n fi ta ọkọ̀ ojú omi oní-fáíbà fún àwọn tó kọ́kọ́ rà á ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn: pé wàhálà ìtọ́jú ti tán. Ọkọ̀ onígi ni kòkòrò omi ń jẹ, òun ló ń rà, òun ló ń gba ọ̀dà lọ́dọọdún. Ti fáíbà, wọ́n ní, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ilé-iṣẹ́ ni àwọ̀ rẹ̀ ti wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá rà á kò tún ní í di búrọ́ọ̀ṣì mú mọ́. Ẹni tó bá wọ ọgbà tí wọ́n ń gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lónìí, ìbáà jẹ́ ní etí omi Narragansett ní Rhode Island, ìbáà jẹ́ lẹ́bàá ọ̀sà Èkó, yóò rí ibi tí ìlérí náà já sí. Ara ọkọ̀ ti ṣá. Ó ń yọ ẹfun sí ọwọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀, tí ènìyàn bá fi ìka kàn án kó-kó-kó, inú rẹ̀ le koránkorán, kò sí ohun tó ṣe é.

Èyí ló mú kí ìrẹ̀sílẹ̀ ọkọ̀ fáíbà yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ nǹkan tí a fi ọwọ́ ṣe. Igi máa ń ti inú bàjẹ́ wá síta, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀dà tó dára ń bo èyí tó ti rà mọ́lẹ̀. Fáíbà, awọ rẹ̀ ló ń kú nígbà tí ara rẹ̀ ṣì wà láàyè. Àwọn tó ń dá dídán rẹ̀ padà sì ń ṣe ohun kan tí a kì í sábà sọ síta: ìtọ́jú ọkọ̀ onígi ń fi kún ara rẹ̀, ìtọ́jú ọkọ̀ fáíbà tó ti ṣá ń yọ kúrò lára rẹ̀. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ dúró sí.

Ìlú Bristol ní Rhode Island ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé igi àti fáíbà pàdé lórí ilẹ̀ kan náà níbẹ̀. Láti 1878 ni ilé-iṣẹ́ Herreshoff ti ń kan ọkọ̀ ní ìlú yìí. John, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́, ló ń darí ọ̀rọ̀ ajé; Nathanael àbúrò rẹ̀ ló ń ya bí ọkọ̀ yóò ṣe rí. Láti 1893 títí dé 1920, ọkọ̀ tó jáde láti ọgbà yìí ni Amẹ́ríkà fi ń gbèjà ife-ẹ̀yẹ America's Cup, wọn kò sì pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì fi máa parí, iṣẹ́ ti tán níbẹ̀.

Àwọn mọ̀lẹ́bí méjì kan, Clinton àti Everett Pearson, ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáíbà ṣe ọkọ̀ kékeré ní agbègbè yẹn láàárín àwọn ọdún 1950. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1959 wọ́n gbé ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Triton lọ sí ìpàtẹ ọkọ̀ ní New York. Carl Alberg, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló ya àwòrán rẹ̀. Gígùn rẹ̀ fi díẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 28 lọ, iye rẹ̀ kò tó 10,000 dọ́là, kí ìpàtẹ náà sì tó parí, wọ́n ti rí oníbàárà fún ọkọ̀ 17. Kò pẹ́ tí àwọn Pearson fi ra ọgbà àwọn Herreshoff. Nǹkan bí 700 Triton ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 1967. Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tí fáíbà tíì dá lójú tán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà nípọn ju bí ó ṣe yẹ lọ. Àìgbẹ́kẹ̀lé àwọn tó ṣe é ló ṣe àwọn tó rà á lóore: ọ̀pọ̀ Triton ṣì wà lójú omi.

Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ fáíbà kò lè mọ ìdí tó fi ń gbó bó ṣe ń gbó. Ìta ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì parí rẹ̀ sínú. Wọ́n á ṣe mọ́ọ̀dù ńlá kan tó jẹ́ pé inú rẹ̀ ló gbé àpẹẹrẹ ìta ọkọ̀. Wọ́n á dán inú mọ́ọ̀dù yìí títí ènìyàn á fi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi ìda pa á kí ohun tí wọ́n bá fi sí i má bàa lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fín gelcoat sí i. Rẹ́síìnì polyester ni gelcoat, tí wọ́n ti po ìyẹ̀fun àwọ̀ mọ́, kò sì nípọn ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Bí ó bá ti ń dì, wọ́n á tẹ́ aṣọ tí wọ́n fi okùn gíláàsì hun sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á fi rẹ́síìnì rin ín, wọ́n á tún tẹ́ òmíràn lé e, títí yóò fi nípọn tó. Nígbà tí wọ́n bá yọ ọkọ̀ jáde nínú mọ́ọ̀dù, ara rẹ̀ ti ń kọ mànà. Kò sí ẹni tó dán an. Dídán inú mọ́ọ̀dù ló gbé wá sáyé.

Ìdajì mìlímítà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ènìyàn fẹ́ rí: rẹ́síìnì rúsúrúsú tí ìlà okùn gíláàsì ń hàn nínú rẹ̀.

Oòrùn ló ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ìtànṣán kan wà tí ojú wa kì í rí, tí agbára rẹ̀ sì tó láti já àwọn ìdè tó so rẹ́síìnì pọ̀. Omi àti afẹ́fẹ́ a wá bá a parí iṣẹ́ náà. Bí rẹ́síìnì òkè pátápátá bá ti ń jẹ lọ, ìyẹ̀fun àwọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò rí ohun tó dì í mú mọ́; òun ni ẹfun tó ń bọ́ sí wa lọ́wọ́. Lára ọkọ̀ funfun, titanium dioxide ni ìyẹ̀fun yìí, ojú méjì ló sì ní. Ó ń gba ìtànṣán oòrùn sára kí ó má bàa wọlé jìnnà, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kan, anatase, tún máa ń bá oòrùn jẹ rẹ́síìnì tó yí i ká. Nítorí èyí ni àwọn tó ń ṣe ohun tí yóò wà níta fi ń yan irú kejì, rutile.

Ohun tó kúrò lára ọkọ̀ kò tó nǹkan. Bí ojú rẹ̀ ṣe tẹ́jú sí ló yí padà. Ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sórí ojú tó tẹ́jú máa ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo padà, ìdí nìyẹn tí a fi ń rí àwòrán nínú rẹ̀. Èyí tó bá bọ́ sórí ojú tó ti ní kòtò wẹ́wẹ́ a fọ́n káàkiri, a sì máa rí i bíi funfun. Àwọn onímọ̀ ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn èyí: wọ́n á tan iná sí i ní ìdagẹ̀rẹ̀, dígírì 60, wọ́n á wo iye ìmọ́lẹ̀ tó padà ní ìhà kejì. Gíláàsì dúdú tí wọ́n dán dáadáa ni wọ́n fi ṣe 100. Búlúù àti pupa tó ti ṣá máa ń tètè bani lójú jẹ́ ju funfun lọ. Kì í ṣe pé funfun kò bàjẹ́ o. Ìbàjẹ́ ara rẹ̀ ló jọ àwọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀rí tó dá mi lójú jù lórí ọ̀rọ̀ oòrùn yìí ni orúkọ tí wọ́n bó kúrò ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹni tó rà á sábà máa ń fẹ́ sọ ọ́ ní orúkọ tirẹ̀. Á fi afẹ́fẹ́ gbígbóná rọ lẹ́tà àtijọ́, á bó wọn níkọ̀ọ̀kan, á fi asẹ́tóònù nu gọ́ọ̀mù tó kù. Orúkọ náà kò ní í lọ. Ibi tí lẹ́tà fi bò ní ogún ọdún ṣì dúdú mìnìjọ̀, ó ṣì ń dán, gbogbo ibi tó yí i ká ti di eérú, ẹnikẹ́ni tó bá dúró ní èbúté lè ka orúkọ náà ketekete. Níbẹ̀, a rí awọ méjì tó ti inú agolo kan wá, tí ọjọ́ orí wọn kò fi wákàtí kan ju ara wọn lọ. Ọ̀kan rí oòrùn, èkejì kò rí i. Kì í ṣe ọdún ló ń sọ fáíbà di arúgbó. Ẹni tó bá sọ fún wa pé ọkọ̀ òun ti pé ọgbọ̀n ọdún kò tíì sọ bí ó ṣe gbó tó fún wa, àfi tó bá sọ ibi tí ó wà àti ohun tó bò ó.

Ní Rhode Island, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń gbé kúrò nínú omi kí òtútù tó mú, tí wọ́n á fi ọ̀rá wé pinpin títí òtútù yóò fi lọ. Oṣù márùn-ún sí mẹ́fà ni oòrùn fi ń rí wọn lọ́dún. Ọkọ̀ fáíbà tó ń kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Falomo tàbí Marina kò mọ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Oṣù méjìlá gbáko ni oòrùn Èkó fi ń bà á lórí. Iyọ̀ ń gbẹ sí i lára, bàtà èrò ń yún un, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń fara gbo táyà tí wọ́n so mọ́ èbúté láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Kì í ṣe ohun ìyanu bí ó bá gbó ní ìdajì àkókò tí ti Bristol fi gbó.

Síbẹ̀ n kò fẹ́ di gbogbo ẹ̀bi ru oòrùn. Oòrùn tó ń pa ọkọ̀ onígi àwọn Herreshoff kò yàtọ̀ sí èyí tó ń pa Triton. Ẹni tó ni ọkọ̀ onígi mọ̀ pé bí ọdún bá ti yí, òun á ha ibi tó ti bó, òun á sì kun ún. Iṣẹ́ yẹn ti wọ inú ọdún rẹ̀, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, bí awọ ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń gbó, bẹ́ẹ̀ ni tuntun ń gorí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó rí ìgbà tó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ra fáíbà gba ìlérí gbọ́. Kò fi ìda pa á, kò bò ó, ó ń lò ó lọ. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, ó wá fẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ méjì san gbogbo gbèsè náà, ara ọkọ̀ ni wọ́n á sì ti rí owó rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ pé kò gba ìtọ́jú ló kọ́ àwọn ènìyàn láti gbàgbé ìtọ́jú. Ní tèmi, ìrẹ̀sílẹ̀ yìí ló wúwo ju ti rẹ́síìnì lọ.

Oníṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ọṣẹ àti omi ló kọ́kọ́ ń lò, lẹ́yìn náà á fi asẹ́tóònù nu ìda àtijọ́ kúrò. Ìgbà yìí ló tó lè rí ara ọkọ̀ gan-an. Á wá bu omi díẹ̀, á dà á sí ibì kan. Lójú ẹsẹ̀, búlúù tó ti di eérú á tún dúdú, yóò jinlẹ̀, yóò sì dán. Ìgbà tí omi bá gbẹ, á tún padà sí bó ṣe wà. Omi ló dí àwọn kòtò wẹ́wẹ́ náà, tó mú kí ojú rẹ̀ tẹ́jú fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí oníṣẹ́ ń wá nìyẹn: ó ti rí i pé àwọ̀ ṣì wà nísàlẹ̀. Bí omi bá kàn án tí nǹkan kan kò yí padà, tàbí tí ìlà okùn gíláàsì bá ti ń yọ lábẹ́ rẹ̀, gelcoat ti tán níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi sáǹpépà dé ibẹ̀.

Àbàwọ́n rúsúrúsú tí omi odò tó ti rin ewé máa ń fi sí imú ọkọ̀, àti ti ìpáta, kò gba sáǹpépà rárá. Ásíìdì oxalic ló ń mú un lọ: wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á pa á sí i, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á fi omi púpọ̀ ṣàn án. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó gbé ẹ̀rọ lé ohun tí ásíìdì ìbá ti nù kúrò láìmú nǹkan kan lọ lára ọkọ̀.

Bí ó bá wá di dandan pé kí wọ́n lo sáǹpépà, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí a fi ọkàn sí. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni hóró rẹ̀ ń kéré: hóró P600 tó nǹkan bí 26 bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ti P1000 tó 18, ti P2000 tó 10. Iṣẹ́ sáǹpépà kọ̀ọ̀kan ni láti pa ìlà tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ fà rẹ́, kí ó fi ìlà tirẹ̀ tó wẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti P600 fò bọ́ sí P2000 á rò pé òun ti jèrè àkókò, títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí gbogbo ìlà P600 sì jáde síta. Àwọn tó ní sùúrù a fi pẹ́ńsù fa ìlà sára ọkọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìlà pẹ́ńsù bá ti parẹ́ dọ́gba, ó tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣí lọ síwájú.

Ẹ wo omi tó ń ṣàn sílẹ̀ ní àkókò yìí. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ búlúù, búlúù ni omi náà. Bí ó bá jẹ́ pupa, ó ń pọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ọkọ̀ máa ń yọ̀ pé ìdọ̀tí ń jáde. Wọ́n ti fọ ìdọ̀tí tẹ́lẹ̀. Awọ ọkọ̀ ló ń lọ sílẹ̀ yẹn.

Kọ́ńpáùn ló kàn, ìpara ìdán-nǹkan tí àwọn tó ń fín ọ̀dà sí ọkọ̀ ilẹ̀ ní Èkó mọ̀ bí ẹni mowó. Wọ́n á fi irun àgùntàn bo ojú ẹ̀rọ tó ń yí, wọ́n á fi kọ́ńpáùn ra ibi tí kò ju bí ènìyàn ṣe lè na ọwọ́ dé lọ, wọ́n á sì máa rìn ín láìdúró. Ẹ̀rọ tó bá dúró sójú kan á gbóná, á jó gelcoat. Etí ló léwu jù, níbi tí ara ọkọ̀ bá ti ṣẹ́ lójijì: láti inú mọ́ọ̀dù ni gelcoat ti sábà máa ń fẹ́lẹ́ níbẹ̀, gbogbo ìwúwo ẹ̀rọ ló sì ń bọ́ lé e. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ti tó kí rẹ́síìnì rúsúrúsú yọjú. Àwọn tó gbọ́n a fi táàpù lẹ etí yìí, wọ́n á wá fi ọwọ́ lásán parí rẹ̀. Wọn kì í sì í ṣe é nínú oòrùn, nítorí kọ́ńpáùn á gbẹ kí ó tó ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó bá dà bíi pé ó ti parí, ó kù kí wọ́n fi sípírítì nù ún: òróró wà nínú kọ́ńpáùn, ó máa ń dí ìlà tó kù pa, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí oníṣẹ́ ti gba owó rẹ̀ lọ ni wọ́n á tó jáde.

Bí wọ́n bá ṣe gbogbo èyí dáadáa, ọkọ̀ á dán. N kò ní í purọ́, ó máa ń wu ojú gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá dídán padà báyìí, ojú owó ló ń ná, kì í ṣe èrè. Ìdajì mìlímítà tí ọkọ̀ gbé wá láti inú mọ́ọ̀dù kì í hù padà. Ẹni tó fi P600 bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kọ́ńpáùn nìkan ìbá tó ti ná ohun tí ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà lọ́jọ́ iwájú ìbá fi dán tirẹ̀. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀: nígbà tí wọ́n ń fín gelcoat, afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ máa ń há sínú rẹ̀, bí sáǹpépà bá sì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ó ń la ojú wọn, tí ihò bí ojú abẹ́rẹ́ á fi bo ara ọkọ̀, tí ìdọ̀tí á rí ibi sá sí. Ọ̀nà tí mo fara mọ́ ni pé kí wọ́n gbìyànjú èyí tó rọ̀ jù ní ibì kékeré kan, kí wọ́n wo àbájáde rẹ̀, kí wọ́n tó gun òkè lọ sí èyí tó le. Àwọn tó ń gba owó iṣẹ́ ní wákàtí kì í fẹ́ gbọ́ èyí.

Ọ̀nà àbùjá kan wà tí àwọn ọ̀gá iṣẹ́ máa ń fi rẹ́rìn-ín: omi acrylic, ìbátan ohun tí wọ́n fi ń dán ilẹ̀ ilé ìwòsàn. Wọ́n á fi aṣọ pa á sára ọkọ̀ ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, á gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, dídán á dé. Lóòótọ́, bí ọdún bá kọjá lórí rẹ̀, ó lè pọ́n rúsúrúsú, kí ó sì máa bó, yíyọ rẹ̀ kúrò sì jẹ́ ìyà. Mo ṣì ní ojú àánú sí i ju tiwọn lọ. Ó kéré tán, ó ń fi kún ara ọkọ̀, kò mú ohunkóhun lọ. Fún ọkọ̀ tí gelcoat rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, tí owó ọ̀dà kò sì tíì sí, n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìda ló máa ń gbẹ̀yìn. Èyí tó lókìkí jù ni ti igi ọ̀pẹ carnauba, tó ń hù ní àríwá ìlà-oòrùn Bùràsílì, ní Ceará, Piauí àti Rio Grande do Norte. Ìda yìí ni ewé igi náà fi ń bo ara rẹ̀ kí ọ̀gbẹlẹ̀ ibẹ̀ má bàa gbẹ omi inú rẹ̀. Wọ́n á gé ewé, wọ́n á sá a, wọ́n á lù ú, ìyẹ̀fun ìda á gbọ̀n sílẹ̀. Ó le ju ọ̀pọ̀ ìda mìíràn lọ, ó tó dígírì Celsius 80 kí ó tó yọ́. Lára ọkọ̀, ó ń dí ojú kòtò tó kù, kò sì jẹ́ kí omi tètè ráyè. Oṣù díẹ̀ ni yóò fi wà, wọ́n á tún fi òmíràn pa á. Ká ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti ra ọkọ̀ tuntun ni wọ́n ti ń ṣe èyí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ìdajì ohun tí mo ti sọ sókè yìí kì bá tí wáyé. Ohun tí àwọn tó ń polówó sọ pé wọn kò ní í ṣe láé gan-an nìyẹn.

Nígbà tí gelcoat bá tán, ọ̀dà ló kù: polyurethane, tí wọ́n ń po agolo méjì pọ̀ kí wọ́n tó lò ó. Ó ń dán ju gelcoat lọ, bí ọwọ́ bá sì mọ́, ó lè tó ọdún mẹ́wàá. Èròjà isocyanate wà nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fín in láìlo ìbomú tí wọ́n ń fi páìpù gbé afẹ́fẹ́ wá sí. Ọ̀pọ̀ Triton ti gba ọ̀dà yìí, òmíràn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n ní kò ní í gba ọ̀dà ti padà sí ìlà kan náà pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ onígi tí ó wá rọ́pò, ìtọ́jú rẹ̀ sì tún ti di ohun tó ń fi kún un. Èmi kò rí i bí ìjákulẹ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ ló padà sílé.

Wàhálà ibẹ̀ ni owó. Owó tí wọ́n á fi kun irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ju iye tí wọ́n lè tà á lọ. Ilé-iṣẹ́ Pearson ti kógbá sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, nígbà tí ọjà kò yá, tí ìjọba Amẹ́ríkà sì fi owó orí ìdá 10 nínú 100 lé iye tí ọkọ̀ ìgbafẹ́ tuntun bá fi ju 100,000 dọ́là lọ. Wọ́n wọ́gi lé owó orí náà ní 1993, ẹ̀pa kò bóró mọ́ fún ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Ọkọ̀ àtijọ́ wá pọ̀ lọ súà. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ á wo ara tó ti ṣá, á rò pé inú rẹ̀ ti bàjẹ́, á dá owó kékeré. Ẹni tó ni ín kò ní í rí ìdí láti náwó lé e. Yóò di ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ sí ẹ̀yìn ọgbà. Awọ tí kò nípọn ju ìdajì mìlímítà lọ ló dájọ́ fún gbogbo ara. Igi tí wọ́n bá pa tì a jẹrà. Fáíbà kì í lọ. Ní France, láti 2019, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ tuntun ló ń san owó tí wọ́n fi ń tú èyí tó ti kú palẹ̀. Ní Rhode Island, wọ́n ti gbìyànjú láti máa lọ̀ ọ́ wẹ́wẹ́ fún ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì: rẹ́síìnì á jó gẹ́gẹ́ bí epo, gíláàsì inú rẹ̀ á di ara sìmẹ́ǹtì.

Àwọn ọkọ̀ fáíbà tó wà lórí ọ̀sà Èkó kò tíì dàgbà tó Triton, ṣùgbọ́n ọjọ́ ogbó wọn ń bọ̀ kíákíá ju ti ibẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ pàṣẹ ọkọ̀ èrò tuntun lónìí, n óò sọ fún un pé kí ó mú funfun, kí ó fi búlúù àti pupa mọ sí orúkọ tí wọ́n á kọ sí i. Kí ó béèrè irú rẹ́síìnì tó wà nínú gelcoat: irú tí wọ́n ń pè ní isophthalic, tó ní èròjà NPG, ń fara da oòrùn àti omi ju orthophthalic lọ, ìyàtọ̀ owó wọn kò sì tó iye tí oníṣẹ́ yóò gbà láti dán an lẹ́ẹ̀kan péré. Kí wọ́n fi ìda pa á kí ó tó fẹsẹ̀ kan omi. Kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà àwọ̀ gelcoat náà sínú ìwé fún un kí ó tó san owó tó kù, nítorí pé lọ́jọ́ tí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bá gbá òpó èbúté, tí ó nílò agolo kékeré kan láti fi dí i, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lè má sí níbẹ̀ mọ́ láti bi.